Ẹ Wo Ẹrẹ̀ Kí Ẹ Tó Yan Fóltì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Kàbà nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Bí a bá ti páìpù bọnú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, tí a fà á yọ, tí a là á sí méjì lóòró, ọ̀gbàrá ọdún dé ọdún ló tò léra wọn níwájú wa yẹn. Ẹ̀rọ á máa rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á tan ìtànṣán X sí i, á sì ka ìtànṣán tí èròjà kọ̀ọ̀kan bá dá padà. Iye tó kà kì í ṣe ìwọ̀n èròjà náà. Ẹ yí fóltì iná tí ẹ̀rọ fi ń tan ìtànṣán náà padà, iye náà á yí.

Nítorí náà, kí lẹ ń wá? Ẹni tó ń wá eruku òkúta mábù Jákùrà, kálísíọ̀mù ló ń wá. Kilofóltì 10 tó fún un, ó tó fún sílíkọ́nì, titanium àti irin pẹ̀lú. Strontium àti zirconium ń fẹ́ 30, barium ń fẹ́ 50. Ẹ má ka barium ní 10: ìtànṣán rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti titanium, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ọ̀wọ́n ẹrẹ̀ kan lè gba ìrìn méjì tàbí mẹ́ta.

Irin ló ń dà mí láàmú jù. Ilẹ̀ wa pupa. Òkè Àgbájà ní Ọ̀wọ́rọ̀ kún fún irin, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ sódò. Ojú ẹ̀rọ dà bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọjà tó ń ka ẹrù tó ń wọlé. Bí wọ́n bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ á kọjá láìkà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Apá tó rí bí eérú ni mo fi dán ẹ̀rọ wò, mo gbé agbára iná (ìyẹn iye iná tó ń ṣàn, kì í ṣe fóltì) sókè, mo lọ sùn. Nígbà tó dé ìpele kan tí kò ju ìka méjì lọ, irin tó yẹ kó ròkè lórí àwòrán ló já wálẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ pé irin dín kù níbẹ̀. Mo padà lọ wo ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀: ó pupa bí osùn.

Ibi tó pupa jù ni kí ẹ ti dán ẹ̀rọ wò. Ẹ dín agbára iná kù níbẹ̀ títí àkókò tí ojú ẹ̀rọ fi ń dí, tí kò lè ka nǹkan, kò fi ní kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tó fi ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi bẹ́ẹ̀ ka gbogbo ọ̀wọ́n tí ẹ fẹ́ fi wéra.

Àkókò ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá ka ìtànṣán 100, àṣìṣe rẹ̀ tó 10. Bó bá ka 10,000, àṣìṣe náà jẹ́ 100, ìyẹn ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: mítà kan, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 15 lójú kan, ìṣẹ́jú 25 ni. Bó bá jẹ́ mílímítà kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 10 ni, ẹrẹ̀ sì ti ń gbẹ.

Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń tẹ́ sórí ẹrẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kà á kò nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù 4 lọ (máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mílímítà kan). Ẹ fá ojú ẹrẹ̀ kó dọ́gba, ẹ na ọ̀rá náà láti ìkángun kan. Bí omi bá ń dán lábẹ́ rẹ̀, ó ti gbé ìtànṣán sílíkọ́nì àti ti alumíníọ̀mù mì, bẹ́ẹ̀ irin kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹ ká a kúrò, ẹ jẹ́ kí omi náà fà, kí ẹ tẹ́ òmíràn.