Ògiri Àwọn Ọmọ Òrukàn: Ìránnilétí Jímọ̀ Fún Ẹni Tí Ọ̀la Ń Bà Lẹ́rù

As-salāmu ʿalaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, a kú Jímọ̀ o. Ẹlòmíràn nínú wa ti ka Sūratul-Kahf kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹlòmíràn fi sétí lórí fóònù nínú ọkọ̀ láti Mararaba wọ ìgboro Àbújá, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya sì fún un láyè láti gbọ́ ọ tán. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń kà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba la máa ń fiyè sí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀la ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó sá wọ inú ihò àpáta ò mọ ohun tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́ bá. Ọkùnrin tó ní ọgbà àjàrà méjì ní òun ò rò pé ọgbà òun lè parun láéláé, ó parun. Àwọn tálákà tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá jíjẹ mímu ò mọ̀ pé ọba kan wà níwájú tó ń fipá gba ọkọ̀. Inú Sūrà náà ni Ọlọ́hun ti sọ fún Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kó má ṣe sọ nípa nǹkankan pé "màá ṣe é lọ́la" láìfi "bí Ọlọ́hun bá fẹ́" kún un. Āyah 23 àti 24 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀la yìí náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa ní Àbújá. Onílé ti fi kún owó ilé, ọdún kan gbáko ló sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Owó iléèwé ń bọ̀. Ọmọ parí àgùnbánirọ̀, ó jókòó sílé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ka ọdún tó kù kó pé 60 ọdún lórí ilẹ̀ ayé tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ra ilẹ̀. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí a ti gbọ́ pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fò sókè, gbogbo nǹkan yòókù sì tẹ̀ lé e. Òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000, jáde lóṣù Keje ọdún 2024. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó sì ń ti Masaka wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìrònú fún un.

Mi ò bá àwọn oníwáàsí kan lọ níbì kan. Tí wọ́n bá gun orí mínbárì, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹni tó bá ń ronú ọ̀la, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò pé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á tún fi ẹ̀bi kún ẹrù ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Anas ọmọ Mālik tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ Ànábì wa sọ pé òun máa ń gbọ́ tí ó ń ṣe àdúà yìí lọ́pọ̀ ìgbà: "Ìwọ Ọlọ́hun, mo sá di Ọ́ kúrò lọ́wọ́ ìrònú àti ìbànújẹ́, àìlágbára àti ọ̀lẹ, ahun àti ojo, ẹrù gbèsè àti ìjẹgàba àwọn ènìyàn lé mi lórí." Al-Bukhārī ló gbà á wá. Bí ìrònú kì í bá ń kan ilẹ̀kùn ọmọ ènìyàn lójoojúmọ́, kí ló dé tí ẹni tó lọ́lá jù nínú ẹ̀dá fi ń bẹ Olúwa rẹ̀ léraléra lórí rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ kọ́wọ̀ọ́ rìn nínú àdúà yẹn. Ìrònú kì í dá wá. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti pọ̀ lápọ̀jù, ọwọ́ á rọ. Ẹni tó yẹ kó jí lọ sọ́jà á sùn títí oòrùn á fi yọ, á ní kí lòun fẹ́ lọ tà. Lẹ́yìn náà ni ahun á wọlé. Ẹni tó ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà lóṣooṣù á dákẹ́, kì í ṣe pé kò ní mọ́, ọ̀la ló ń bà á lẹ́rù. Sàdáàkà á dáwọ́ dúró. Ọlọ́hun sì ti sọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí fún wa nínú Sūratul-Baqarah, āyah 268: Ṣàítánì ló ń fi òṣì dẹ́rù bà yín, tó ń pa yín láṣẹ ìwà ìbàjẹ́, Ọlọ́hun sì ń ṣe àdéhùn àforíjìn àti ọlà látọ̀dọ̀ Rẹ̀ fún yín. Gbèsè ló máa ń kẹ́yìn wọlé, òun ló sì máa ń mú ìjẹgàba ènìyàn dání. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn lónìí. Ẹni tó yá owó èlé lórí fóònù nítorí pé ìrònú ò jẹ́ kó lè dúró di ìparí oṣù, wọ́n á tẹ gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ láago, títí kan ọ̀gá rẹ̀ àti àna rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sūratul-Kahf, ibi tí mo ń lọ gan-an.

Ànábì Mūsā àti Khidr wọ ìlú kan, ebi ń pa wọ́n, wọ́n tọrọ oúnjẹ, àwọn ará ìlú kọ̀ láti ṣe wọ́n lálejò. Nínú ìlú ahun yẹn ni wọ́n ti rí ògiri kan tó fẹ́ wó, Khidr sì gbé e dìde. Mūsā ní, bí o bá fẹ́, o ì bá gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó rọrùn fún wa láti lóye Mūsā níbí. Ẹni tí ebi ń pa tó sì ṣiṣẹ́, owó ló yẹ kó gbà. Āyah 82 ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀: ti ọmọ òrukàn méjì ni ògiri náà, dúkìá wọn wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá wọn jẹ́ ẹni rere, Olúwa rẹ sì fẹ́ kí wọ́n dàgbà kí wọ́n fọwọ́ ara wọn hú u jáde.

Ẹ ro ti bàbá yẹn wò. Ó kú, ó fi ọmọ kékeré méjì sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò lè fún àlejò lóúnjẹ. Èwo nínú ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó ń ka èyí ni ọ̀rọ̀ náà ò ní kó oorun lójú rẹ̀? Ta ni yóò tọ́ wọn? Ta ni kò ní jẹ wọ́n níyà? Kò sí bí bàbá náà ì bá ṣe ronú tó, kódà kó fi 20 ọdún ronú, tí yóò wá sọ́kàn rẹ̀ pé àlejò méjì tí ebi ń pa, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Ànábì Ọlọ́hun, máa gba ìlú òun kọjá lọ́jọ́ tí ògiri fẹ́ wó, wọ́n á sì tún un mọ láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo ìrònú wa lórí ọ̀la, inú ohun tí a mọ̀ la ti ń rò ó. Ohun tí Ọlọ́hun ti tò sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Āyah náà ò sọ fún wa ẹni tó rì dúkìá náà mọ́lẹ̀. Ohun tó sọ nípa bàbá wọn kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ẹni rere ni. Ẹ lọ fi èyí pọ̀ mọ́ āyah 9 nínú Sūratun-Nisā', níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọn ì bá máa dà láàmú, ká ní wọ́n fẹ́ kú fi àwọn ọmọ tí kò lágbára sílẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí wọ́n sì máa sọ ọ̀rọ̀ tó tọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀! Bí ìrònú nípa ọmọ rẹ bá ń dé bá ọ lóru, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ní kí o gbé e gbà ni bí o ṣe ń ṣe sí ọmọ ẹlòmíràn ní ọ̀sán.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé láàárín wa, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní Kubwa, ní Lugbe, ní Karu, ẹ gbọ́ mi. Apá kan nínú ìrònú tí à ń sọ yìí, àwa fúnra wa la dá a sílẹ̀ fún ara wa. Ayálégbé tó ti san owó láìyẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní kẹ́ ẹ fún òun ní oṣù mẹ́ta, ògiri tó fẹ́ wó nìyẹn. Sūratul-Baqarah, āyah 280, ní bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, ẹ fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ ò lè máa sọ "Allah ya kawo sauƙi" (kí Ọlọ́hun mú ìrọ̀rùn wá) pẹ̀lú àwọn Háúsá níwájú mọ́sáláásí, kí ẹ sì padà sílé lọ lẹ ìwé "ẹ kó jáde" mọ́ ilẹ̀kùn ayálégbé.

Ẹnìkan á ní, ṣé ká wá káwọ́ gbera ni? Rárá o. Umar sọ pé Ànábì wa máa ń ta èso dàbínù inú oko Banū Nadīr, ẹ̀yà Júù kan ní Madīnah, ó sì máa ń tọ́jú oúnjẹ ọdún kan pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wà nínú al-Bukhārī. Ànábì Yūsuf ní kí wọ́n fi ọdún méje dáko, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ sórí ṣírí rẹ̀ àyàfi díẹ̀ tí wọ́n máa jẹ. Ní Àríwá tí à ń gbé yìí, ẹ ṣì lè rí àgbẹ̀ tó ń kó ọkà bàbà àti jéró tòun ti orí rẹ̀ sínú rumbu (àká), nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pẹ́. Ìwọ tí ò ń ronú nípa ìfẹ̀yìntì, ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó rẹ ń wọlé? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí a yọ 8% nínú owó oṣù rẹ, kí agbanisíṣẹ́ fi 10% kún un. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ni kò bèèrè rí. Ẹ̀yin oníṣòwò, àjọ ń bẹ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń bẹ. Ọkùnrin kan bi Ànábì wa bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ó ní: so ó, kí o sì gbára lé Ọlọ́hun.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni ibi tí ìrònú ń gbé àwọn ènìyàn wa lọ ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá lọ́rọọrún. A ti kúrò nídìí ifá, a ní Mùsùlùmí la jẹ́, àmọ́ a wá ń lọ bá àwọn tó wé láwàní tó ń tẹ yanrìn fún wa, kí wọ́n wò ó bóyá ìgbéga máa kàn wá lọ́dún yìí. Láwàní ò sọ yanrìn di sunna. Imām Muslim gba hádíìsì wá pé ẹni tó bá lọ bá aríran, tó bi í léèrè nǹkankan, a ò ní gba ìrun rẹ̀ fún 40 òru. Ìrun rákáà méjì ti Istikhārah ni Ànábì wa kọ́ wa tí ọ̀rọ̀ bá rú wa lójú, kò sì gba owó kankan. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta náà, ìrònú ọ̀la ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Sūratul-Mā'idah, āyah 90, ti parí ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Tí ìrònú bá sì ti di àìsàn, tí ẹni náà ò lè sùn, tí kò lè jẹun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí ó ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má fi wáàsí nìkan dá a dúró. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ànábì wa ló ní kí ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìtọ́jú.

Ọjọ́ Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ti ní ètò. Sūratul-Jumu'ah ní tí wọ́n bá ti pe ìrun, ẹ fi ọjà sílẹ̀. Wákàtí yẹn, ẹni tó ń tajà ní Wuse á ti ṣọ́ọ̀bù, kò sì mọ oníbàárà tó máa wá tí kò ní bá a. Āyah tó tẹ̀ lé e ní tí ìrun bá ti parí, ẹ tú ká sórí ilẹ̀, kí ẹ máa wá nínú ọlà Ọlọ́hun. Irāk ọmọ Mālik, ọ̀kan nínú àwọn ẹni àkọ́kọ́ nínú Ìsìláàmù, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á ní: "Ìwọ Ọlọ́hun, mo ti jẹ́ ìpè Rẹ, mo ti kírun tí O ṣe lọ́ranyàn, mo sì ti tú ká gẹ́gẹ́ bí O ṣe pa mí láṣẹ, pèsè fún mi nínú ọlà Rẹ, Ìwọ lo lóore jù nínú àwọn olùpèsè." Ẹ̀yin tí ẹ máa sáré wọ bàtà lónìí, ẹ dúró ka èyí ná.

Jābir gba ọ̀rọ̀ Ànábì wa wá pé wákàtí ìgbàdúà ọjọ́ Jímọ̀, ká wá a ní wákàtí tó kẹ́yìn lẹ́yìn Àlàásárì. Kí o tó jókòó sídìí rẹ̀ lónìí, tẹ ẹni tí o jẹ lówó láago fúnra rẹ, má jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa pè ọ́. Sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ àti ọjọ́ tí o rò pé ìyókù á dé, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Bí ìyá rẹ bá wà láyé, pe òun náà, kódà bí kò bá sí nǹkan tí o fẹ́ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ṣe àlùwàlá, kọjú sí gábàsì, kí o sọ èyí tí Ànábì wa ní kí Fātimah ọmọ rẹ̀ máa sọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: "Yā Hayyu yā Qayyūm, birahmatika astaghīth, aslih lī sha'nī kullah, wa lā takilnī ilā nafsī tarfata ʿayn." Ìwọ Alààyè, Ìwọ Olùdúróṣinṣin, àánú Rẹ ni mo fi ń wá ìrànlọ́wọ́, bá mi tún gbogbo ọ̀rọ̀ mi ṣe, má sì fi mí sílẹ̀ fún ara mi bó ti lè wù kó kéré mọ, kódà ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Àmín. Jumu'ah Mubārak.