Àmáànà Tí Kò Lẹ́nu Láti Dúpẹ́: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀ Lórí Eskandar Firouz

Àsàláámù aláékùm wáráhúmọ́túláhì wábárákátúhù. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, mo kí yín kú ọjọ́ Jímọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ènìyàn tó sì dá ẹranko, kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Nínú Súúrà Al-An'aam, áàyà 38, Ọlọ́hun fi yé wa pé kò sí ẹ̀dá kan tó ń rìn lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyẹ kan tó ń fi apá rẹ̀ méjèèjì fò, tí kì í ṣe ìjọ bíi tiwa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ìjọ. Ọlọ́hun kò pè wọ́n ní ẹran ọbẹ̀, kò pè wọ́n ní ohun ìṣeré. Orúkọ tí Ó fi pe àwa tí a ó tò sẹ́yìn lémọ́mù lónìí ni Ó fi pe àwọn náà, Ó sì parí áàyà náà pé ọ̀dọ̀ Olúwa wọn ni a ó kó wọn jọ sí. Ohun tó bá wà ní ìkáwọ́ wa, tí Olóhun-ún sì ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa, àmáànà ni. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ará Iran, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣọ́ irú àmáànà bẹ́ẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Eskandar Firouz ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Shiraz ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1926, sínú ìdílé ọlọ́lá, ó sì kàwé ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé. Ọdẹ ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí kò lè fojú kan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè ṣàánú ẹranko. Firouz mọ ìbọn yìn, ó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, ìmọ̀ ọdẹ náà ló sì jẹ́ kí ó tètè rí i pé igbó ti ń dá páropáro. Jíìpù àti ìbọn ìgbàlódé ti dé aṣálẹ̀. Egbin tí baba máa ń fi ẹsẹ̀ tọpa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ni ọmọ fi ń lé e bá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan ni yóò pa.

Ní ọdún 1956, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Iran láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ìgbìmọ̀ yìí ló dàgbà tó di àjọ ìjọba fún ẹran ìgbẹ́ àti ẹja ní 1967, tó sì tún di àjọ tó ń mójú tó gbogbo àyíká ní 1971. Firouz ló ṣe olórí rẹ̀ títí di 1977. Ní àsìkò yẹn ni wọ́n pààlà sí ọ̀pọ̀ igbó ọba ní orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ sí wọn, tí wọ́n sì ṣòfin pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ohun tó wà nínú wọn.

Àwọn kan nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ igbó ọba yìí, àwọn òyìnbó ló gbé e dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ànọ́bì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fúnra rẹ̀ ló sọ àyíká Mọdínà di ilẹ̀ ọ̀wọ̀, láti orí ilẹ̀ olókùúta dúdú tó wà ní apá kan ìlú náà títí dé èyí tó wà ní apá kejì, pé wọn kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dọdẹ ẹran rẹ̀. Abu Huraira sọ pé bí òun bá rí egbin tó ń jẹko ní Mọdínà, òun kò tilẹ̀ ní í dẹ́rù bà á. Ẹ rò ó wò: kì í ṣe pípa nìkan ni sàábé yìí yẹra fún, ó yẹra fún kí ó mú un ta gìrì.

Àgbọ̀nrín kan wà tí wọ́n ń pè ní àgbọ̀nrín Páṣíà (orúkọ àtijọ́ Iran ni Páṣíà), tí ara rẹ̀ pọ́n, tí àmì funfun sì wà káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti gbà pé ó ti run pátápátá kó tó di pé ní 1956 wọ́n rí díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú igbó etí odò Dez àti Karkheh, ní ìpínlẹ̀ Khuzestan. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú díẹ̀ nínú wọn láàyè, tí wọ́n kó wọn lọ sí ìhà àríwá, sí Dasht-e Naz nítòsí ìlú Sari, wọ́n sọgbà yí wọn ká kí wọ́n lè máa bí sí i. Wọ́n ń bí títí di òní. Ìran ẹranko tí Ọlọ́hun dá fẹ́ di ìtàn, ọwọ́ ènìyàn ni Ó sì fi dá a dúró.

Iṣẹ́ Firouz tí ayé mọ̀ jù ni ti ìlú Ramsar, ní etí òkun Caspian. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 18 péjọ sí lábẹ́ àkóso rẹ̀, tí wọ́n fi ẹnu kò ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 1971 lórí àdéhùn láti dáàbò bo àwọn ilẹ̀ àbàtà, ọ̀sà àti irà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyẹ omi kò mọ ẹnubodè. Èyí tó sọ̀ ní Iran lónìí, Siberia, ilẹ̀ òtútù ní Rọ́ṣíà, ló ti gbéra. Bí ìlú kan bá tọ́jú ìbùsùn rẹ̀, tí ìlú kejì sì gbẹ omi tó fẹ́ mu lójú ọ̀nà, òfo ni gbogbo rẹ̀ já sí. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí, Nàìjíríà pẹ̀lú. Kódà ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn ará wa ń pẹja nínú rẹ̀, ti wà lára àwọn omi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé àdéhùn náà láti ọdún 2000.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Ìyípadà ìjọba dé sí Iran ní 1979, wọ́n sì ju Firouz sẹ́wọ̀n. Ipò lọ, àṣẹ lọ, ẹni tó ń bá àwọn olórí jókòó di ẹni tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́. Nígbà tó jáde, kò ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò rán níṣẹ́ mọ́, kò ní òfin tí yóò buwọ́ lù. Bírò ló mú, ó jókòó, ó ń kọ nípa àwọn ẹran, ẹyẹ àti ẹja ilẹ̀ rẹ̀, ìwé ńlá náà sì jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2005. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 93. Ohun tó wà láàárín òun àti Ọlọ́hun, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí ni pé kò pa àmáànà tì nígbà tí kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn náà ti jìyà lórí iṣẹ́ yìí lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2018, wọ́n mú àwọn kan tó ń gbé kámẹ́rà sí aṣálẹ̀ láti ka cheetah, ẹranko tó jọ ẹkùn tó sì yára ju gbogbo ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ, èyí tí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Asia kò sí níbòmíràn mọ́ àfi Iran. Ẹ̀sùn amí ni wọ́n fi kàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Kavous Seyed-Emami, kú sínú ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún náà. Ìgbà tó di 2024 ni àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn tó rí ilé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olóyè àti àjọ ńlá nìkan ni èyí. Nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, wọ́n bẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ kan lulẹ̀ lẹ́yìn mọ́sálásí, ìtẹ́ ẹ̀gà sì wà lára rẹ̀. A yọ ọmọ ẹ̀gà méjì jáde, a so òwú mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ìyá wọn sì ń ké lórí wa, ó ń fò sókè sódò. Áfáà wa dá kéwú dúró. Ó sọ fún wa pé irú èyí ṣẹlẹ̀ lójú ìrìn-àjò kan, tí àwọn sàábé mú ọmọ ẹyẹ méjì, tí ìyá wọn dé tó ń na apá nílẹ̀, tí Ànọ́bì sì béèrè pé ta ló fi ọmọ ẹyẹ yìí dà á láàmú, ẹ dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Áfáà fúnra rẹ̀ tú òwú náà, ó dá àwọn ọmọ ẹ̀gà padà sínú ìtẹ́, ó sì ní kí a fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn. Kò padà sórí ẹ̀kọ́ títí ìyá ẹyẹ náà fi sọ̀.

Bákan náà ni a mọ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ jẹ kòkòrò ilẹ̀. Ẹ wo apá kejì ẹ̀ṣẹ̀ yẹn dáadáa. Nígbà tí a bá kó pàǹtírí dí odò, tí a bá da kẹ́míkà sómi kí ẹja lè léfòó, tí a bá tiná bọ igbó ní ọ̀gbẹlẹ̀, ìjọ mìíràn ni a ti ilẹ̀kùn oúnjẹ mọ́.

Ní Fereydunkenar, ní etí òkun Caspian kan náà, ẹyẹ funfun kan wà, ìran àgùfọn ni, tó ga lẹ́sẹ̀ tó sì gùn lọ́rùn, tó máa ń ti Siberia wá lo ìgbà òtútù tẹ́lẹ̀. Fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ, ẹyọ kan ṣoṣo péré ló ṣẹ́kù tó máa ń dé nínú agbo tó ń gba ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Omid, èyí tó túmọ̀ sí ìrètí ní èdè Páṣíà. Àwọn tó ń dẹ àwọ̀n fún pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ní irà tó máa ń sọ̀ sí, láti ìgbà àwọn baba wọn ni wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn nítòsí ibẹ̀, kí pẹ́pẹ́yẹ má bàa sá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn ọdẹ yìí ń ṣọ́ ni Omid ti máa ń balẹ̀ sínú omi oko ìrẹsì ní àwọn ọdún yẹn, tó ń fi ẹnu wá gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀.