Kí Kọ̀ǹpútà Má Baà Bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Nígbà Tí Oníbàárà Dé

Mo bá àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Abẹ́òkúta sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ìlewó: àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tún un kọ síbí fún ẹni tí kò lè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀bi ara mi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀ JAMB kan, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo tan kọ̀ǹpútà mẹ́rin, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín. Dátà tí mo rà lálẹ́ àná ń jò lọ, n kò sì tíì fi orúkọ ẹnì kan sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ìmúdójúìwọ̀n ló ń ṣe ara rẹ̀ (ohun tí gbogbo wa ń pè ní update nìyẹn, tí n ó máa pè ní àtúnṣe), inú bí mi, mo pa á pátápátá. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi pa á. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbọ́n bíi tèmi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún ihò kan nínú ọ̀nà tí Windows ń gbà pín fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry gba inú ihò yẹn wọlé. Ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní àfi kí wọ́n sanwó kí òun tó ṣí i. Ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà sílé. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún bí oṣù méjì kí àrùn tó dé.

Nítorí náà, ẹ má pa á. Àsìkò tó fi ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí a bá a yàn. Kí n tó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ó yẹ kí a mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá dé gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àìrìnnà-kore ni. Rárá o.

N ó fi Ubuntu ṣàpẹẹrẹ, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, nítorí òun ni mo ń lò báyìí. Irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ń jẹ́ unattended-upgrades. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni kí kọ̀ǹpútà wo ohun tuntun tó jáde kó sì gbé e wálé, apt-daily.timer ló ń pe aago rẹ̀, ní mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìdádúró tó lè tó wákàtí 12, kí gbogbo ayé má baà kó lu ẹnu ọ̀nà kan náà pọ̀. Èkejì ni kó fi ohun tó gbé wálé sínú ara rẹ̀. Apt-daily-upgrade.timer ló ni ìyẹn, ní aago mẹ́fà àárọ̀ sí méje.

Kọ̀ǹpútà ta ló wà ní títàn ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní ìlú yìí? (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Ẹni tó ṣètò aago yẹn ń ro ibi tí iná kì í lọ. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀: Persistent=true. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa nígbà tí aago pè, gbèsè ni. Bí ẹ bá tàn án, kò níí pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí san án. Ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní mẹ́jọ, ẹ tàn án, gbèsè òru di ti àárọ̀, oníbàárà sì ti dé.

Ẹ yí aago náà padà. Ẹ ṣí terminal, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ èyí:

sudo systemctl edit apt-daily-upgrade.timer

Ẹ wá kọ èyí sínú ohun tó bá ṣí:

[Timer]
OnCalendar=
OnCalendar=Fri 13:30
RandomizedDelaySec=10m
Persistent=false

Ẹ má fo ìlà OnCalendar àkọ́kọ́ tó ṣófo yẹn. Òun ló ń nu aago àtijọ́ nù. Bí kò bá sí níbẹ̀, aago méjì ni yóò máa pè. Mo yan ọjọ́ Ẹtì nítorí ìrun Jímọ̀: lákòókò yẹn, ọjà ń dákẹ́ díẹ̀ ní àdúgbò mi. Ẹni tó wà ní Kútọ̀ lè rí i pé aago mìíràn ló dára fún òun. Ojoojúmọ́ ló dára jù, n kò níí purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju kí ẹ pa á lọ. Ohun tí Persistent=false ń bèèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí kọ̀ǹpútà wà ní títàn lásìkò yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ibi tí mo dé rèé tí iná ọba fi lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kú, mo bá ń fi ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sákòókò, nítorí nínú fáìlì /etc/apt/apt.conf.d/50unattended-upgrades, ìlà kan wà tó ń jẹ́ OnlyOnACPower. Òun ni kì í jẹ́ kí laptop ṣe àtúnṣe nígbà tó bá wà lórí bátìrì. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lè lo oṣù kan láìrí àtúnṣe kankan, kó sì máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ti ìnfátà tún yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò mọ̀ pé ìnfátà ló ń fún òun níná; iná ni iná lójú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ iye wákàtí tí bátìrì yín lè gbà.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ọmọ rẹ̀ ń bá a gbé ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bi mí pé, "Bí iná bá lọ láàárín, ṣé kò níí bàjẹ́?" Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ èsì rẹ̀ jù mí lọ." Aláró kì í ri aṣọ bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan kó fi í síbẹ̀. Ó ń rì í, ó ń gbé e síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ó tún ń rì í. Bí iṣẹ́ bá dúró láàárín méjì, aṣọ kò bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ni kò tíì dú tó. Ohun tí ìlà MinimalSteps "true" nínú fáìlì yẹn ń ṣe nìyẹn: ó ń gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ lè pa kọ̀ǹpútà láàárín wẹ́wẹ́ kan sí èkejì. Àmọ́ bí iná bá já lójijì, ọ̀kan lè dúró ní àbọ̀. Bí ẹ bá tàn án padà, ẹ tẹ sudo dpkg --configure -a, yóò parí èyí tó kù.

Ní ti dátà, ẹ wo Allowed-Origins nínú fáìlì kan náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí àtúnṣe ti lè wá. Ìlà tó parí sí "-updates" ní àmì // níwájú, ìyẹn ni pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ààbò tó parí sí "-security" ni kó máa wọlé fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ju kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ, kó fi apt-cacher-ng, ètò tó ń tọ́jú àtúnṣe tó bá ti wọlé, sórí ọ̀kan, kó sì ní kí àwọn yòókù máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà (port) 3142. Ẹ̀ẹ̀kan ni dátà lọ, gbogbo ilé jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin oníWindows, tiyín kò gùn: ẹ sọ fún un pé íntánẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ èyí tí a ń wọ̀n (metered connection), kó lè dín ohun tó ń gbà kù, ẹ sì yan wákàtí iṣẹ́ yín (active hours), tó lè tó 18, kó má baà pa ara rẹ̀ tún tàn láàárín rẹ̀. Ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Windows 10 kò sì gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àtúnṣe náà ńkọ́, ṣé òun fúnra rẹ̀ kò lè ba nǹkan jẹ́?" Ó lè ṣe é. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àtúnṣe kan láti ilé iṣẹ́ ààbò CrowdStrike ní àbùkù, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 sì dákú, ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé kọ̀ǹpútà tó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà kì í fọwọ́ kàn, ọjọ́rú ló ń gba tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù di ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń fi í tẹ ìwé kan, mo máa ń wo /var/log/unattended-upgrades, níbi tí àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe wà, mo sì máa ń wò ó bóyá fáìlì /var/run/reboot-required, tó ń sọ pé ó yẹ kí a pa á ká tún un tàn, wà níbẹ̀. Bó bá wà, mo pa á, mo tún un tàn, mo sì ṣí ojú òpó tí a fi ń forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá ṣí, tiwọn lè tẹ̀ lé e.