Ihò Lẹ́ǹsì fún Ọ̀run, Àkókò fún Ọkọ̀: Yíya Fọ́tò Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tù Àtijọ́ Lóru Tí Àrá Ń Sán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ sì kú àpéjọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí a ṣe ń ya fọ́tò ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe, lóru, nígbà tí àrá ń sán. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ: mànàmáná kọ́ ni yóò bá yín tan ìmọ́lẹ̀ sára ọkọ̀ náà. Ojú ọ̀run ni tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ara ọkọ̀, ọwọ́ yín ló wà, ẹni tó bá sì ń dúró de mànàmáná kó wá bá òun tan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí mànàmáná bá kọ, gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í sábà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni iná náà sì lè gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá láàárín àkókò kékeré yẹn, òun la ṣe ń rí i tó ń ṣẹ́jú. Nítorí pé kì í pẹ́, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ fi ṣí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà), ì báà jẹ́ 30, bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ mànàmáná kan ṣe máa wọ inú kámẹ́rà. Ihò lẹ́ǹsì àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) nìkan ló ń sọ bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n iná tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fi ń tan ọkọ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ṣọ́tà fi wà ní ṣíṣí. Ẹ wá rí i pé méjèèjì kì í di ara wọn lọ́wọ́: ẹ fi ihò lẹ́ǹsì wọn ojú ọ̀run, kẹ́ ẹ fi àkókò wọn ọkọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn iṣẹ́ yìí.

Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 100, f/8, ìṣẹ́jú àáyá 20. Nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì: bó bá ṣe ń kéré sí i ni ihò ń tóbi sí i. Bí mànàmáná bá jáde tín-ín-rín bí òwú, mo ṣí ihò dé f/5.6. Bó bá funfun jù tí ojú ọ̀run sì fọ́, mo pa á dé f/11. Mi ò ní torí ìyẹn fọwọ́ kan àkókò. Ti ọkọ̀ nìyẹn. Ní ti fókọ́ọ̀sì, lẹ́ǹsì 35mm ní f/8 lórí kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá (full-frame), bí ẹ bá gbá a mọ́ nǹkan bíi mítà 5, láti nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ títí dé ibi tí òjò ti ń ṣú ni yóò mọ́ kedere. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àmì tó wà níwájú ọkọ̀, ẹ gbá a mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe kí kámẹ́rà má bàa tún máa wá a kiri nínú òkùnkùn.

Nǹkan kékeré kan tún wà nínú kámẹ́rà tó gbọ́dọ̀ wà ní pípa: ètò tó ń bá fọ́tò olóru gígùn fọ àwọn àmì wẹ́wẹ́ kúrò. Bí ẹ bá ya ìṣẹ́jú àáyá 20, kámẹ́rà á tún fi 20 mìíràn ya òkùnkùn lásán láti fi ṣe ìfiwéra, kò sì ní dá yín lóhùn títí tó fi máa parí. Mo rí mànàmáná kan rí tó ya sí ẹ̀ka bí igi, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn òrùlé ọkọ̀ tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí fọ́tò. Kámẹ́rà mi ń ya òkùnkùn lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, ojú mi ṣì ń rí mànàmáná náà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí wọ́n fi ìda pa lára, dígí ni. Ẹ kì í ya ọkọ̀ náà gan-an, ohun tó ń hàn lára rẹ̀ lẹ̀ ń yà. Bí ẹ bá kọjú tọ́ọ̀ṣì lásán sí i, ẹ̀ ń wo àmì tọ́ọ̀ṣì bí ojú ológbò lórí ilẹ̀kùn. Aṣọ funfun ni kẹ́ ẹ ta bo ojú iná gígùn, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀ ju òrùlé lọ, kẹ́ ẹ sì máa rìn láti ìdí ọkọ̀ dé iwájú láìdúró, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ẹni tó ń rìn yẹn kó wọ aṣọ dúdú, kó fi ara rẹ̀ bo iná kó má bàa wo inú lẹ́ǹsì. Bó bá ń rìn lọ láìdúró, tí iná ò sì bà á, kò ní hàn. Ohun tó máa hàn ni ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣàn látẹ̀yìn dé iwájú. Ẹ wo Jaguar E-Type, tó jáde ní 1961, bí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe gùn tó, tí àárín rẹ̀ sì wú díẹ̀: ìlà iná kan péré lórí ibẹ̀ á sọ gbogbo bí ara ọkọ̀ náà ṣe rí.

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣírí. Ibi tí pánẹ́lì bítà ti fi pọ́tì dí ihò ìpẹtà tí kò sì yún un dọ́gba, ìlà náà á wọ́ níbẹ̀. Mo ti ya ilẹ̀kùn kan tó tẹ́jú lójú ọ̀sán, tí iná tọ́ọ̀ṣì wá fi ìgbì mẹ́ta hàn lórí rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ ọwọ́ ìlẹ̀kùn, méjì nítòsí ẹsẹ̀. Mo gbé e fún ẹni tó tún ọkọ̀ náà ṣe kó tó di pé mo fi han ẹlòmíràn. Ó na ìka, ó sì ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún mi. Ó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó fi ọdún gbáko yún irin ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ayàwòrán.

Ó ku ọ̀rọ̀ ewu, mi ò sì ní fi ṣeré. Ohùn máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó rin kìlómítà kan. Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà kí àrá tó sán, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta pín in, iye kìlómítà nìyẹn. Bí iye ìṣẹ́jú àáyá tẹ́ ẹ kà bá jẹ́ 30 tàbí kó dín, òjò àrá náà ò ju kìlómítà 10 lọ, ẹ kó irinṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ má sì jáde padà títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, mànàmáná sì le ju òjò lọ. Fọ́tò tó dára jù lọ, ti òjò tó ń lọ lókèèrè ni: ẹ rí gbogbo igi mànàmáná láti orí dé ìdí, kò sí ìkùukùu tó bò ó.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé, “Ṣebí mo máa wọ inú ọkọ̀.” Ọkọ̀ wo? Kì í ṣe rọ́bà táyà ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ mànàmáná. Irin tó yí èèyàn ká ni, tó ń gbé iná náà gba ìta ara rẹ̀ wọ ilẹ̀. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú àgọ́ oní-irin bẹ́ẹ̀ dán an wò ní 1836. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ kò ní irin lókè orí yín. Corvette ti 1953, fáíbà ni gbogbo ara rẹ̀. Lotus Elite ti 1957 náà, fáíbà ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń yà, ẹ má fi ṣe ibi ìsádi. Kí ọkọ̀ onírin tó ní òrùlé líle wà nítòsí, tí dígí rẹ̀ wà ní pípa, tàbí kẹ́ ẹ wà lẹ́bàá ilé gidi.

Ilẹ̀ tútù máa ń dúdú, ó sì máa ń dán, ẹ lè gbé kámẹ́rà wálẹ̀ kí ọkọ̀ rí ara rẹ̀ nínú omi. Fílítà polarizer, dígí tí wọ́n ń dé mọ́ ojú lẹ́ǹsì, máa ń pa díẹ̀ nínú dídán ọ̀dà àti omi, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan sí dídán bọ́ńpà onírin funfun. Ẹ lò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra, torí ìdajì ẹwà òru òjò wà nínú dídán yẹn. Òjò fúnra rẹ̀ kì í hàn nínú ìṣẹ́jú àáyá 20, àyàfi bí iná bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ máa ń pọ́n bí oyin, ó sì bá búlúù mànàmáná mu gan-an, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ti tó, kẹ́ ẹ pa á.

Ẹnìkan ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó dára ká to fọ́tò mẹ́wàá pọ̀ di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ òru kan náà ni, tí kámẹ́rà kò sì kúrò lójú kan, mo máa ń ṣe é, ọ̀nà láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ ni. Mànàmáná ọjọ́ mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà níbẹ̀. Mi ò ní ṣe ìyẹn láé.

Tí ẹ bá parí, fọ́tò kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ìka wá ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bó bá dí. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ nu ìdérí dísíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) àti wáyà púlọ́ọ̀gì. Kẹ́ ẹ wá wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ búréèkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ títí ooru rẹ̀ yóò fi gbẹ omi tó wà níbẹ̀.