Ariwo Ajubọ́ọ̀lù, Ariwo Alubọ́ọ̀lù: Ìwọ̀n Méjì Ni Ká Fi Wọ̀n Wọ́n

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Bésíbọ̀ọ̀lù Amẹ́ríkà là ń sọ lónìí, pàápàá àwọn ọmọ tí ariwo wọn ń ṣáájú wọn dé pápá. Oríṣi méjì ni wọ́n: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí màá máa pè ní ajubọ́ọ̀lù, àti ẹni tó ń fi igi lù ú padà, tí màá máa pè ní alubọ́ọ̀lù. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá: ìdí tí ariwo ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń já sófo yàtọ̀ síra pátápátá. Àwọn tó ń to orúkọ ọmọ 100 tí wọ́n ń retí jù lọ jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n ń da àwọn méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, ṣìnà. Kí wọ́n ya ìwé náà sí méjì!

Ẹ jẹ́ ká mú ọdún 2001. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ líìgì àgbà ń yan ọmọ tuntun, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn; lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Minnesota Twins ló kọ́kọ́ máa yan. Mark Prior, ajubọ́ọ̀lù láti University of Southern California, ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Twins fi í sílẹ̀, wọ́n mú Joe Mauer, ọmọ ìlú St. Paul, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n bú Twins bí ẹní láyin. Wọ́n ní owó ni Twins ń ṣọ́. Chicago Cubs mú Prior ní ipò kejì, wọ́n kó 10.5 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Mauer gba 5.15 mílíọ̀nù. Nígbà tó fi máa di 2003, Prior ti borí nínú eré 18, ó pàdánù 6 péré, àwọn tó bú Twins sì ń yọ̀. Àmọ́ 2006 ni Prior ju bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní líìgì àgbà, lọ́mọ ọdún 25. Èjìká kọ̀ jálẹ̀. Mauer ní tirẹ̀ gba ipò kìíní láàárín àwọn alubọ́ọ̀lù American League, ọ̀kan nínú líìgì àgbà méjèèjì, lẹ́ẹ̀mẹta, ní 2006, 2008 àti 2009, wọ́n sì gbé e wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni bésíbọ̀ọ̀lù, ní 2024.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ariwo Prior kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n ní ó lè ṣe, ó ṣe é. Ara ni kò gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ara yìí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iṣan kan wà nínú ìgbọ̀nwọ́, lápá inú, tó so egungun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ti ká apá sẹ́yìn, tó wá fà á yọ síwájú, agbára ìfà yẹn fẹ́ la ìgbọ̀nwọ́ sí méjì ni. Iṣan yìí nìkan kò lè gbé e. Ẹran apá ìsàlẹ̀ ló ń bá a gbé e. Tí ẹran yẹn bá ti rẹ̀, ẹrù di ti iṣan nìkan, á máa ya díẹ̀díẹ̀ títí á fi já. Kó tó di 1974, ẹni tó bá já fún, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ní ọdún náà ni Dókítà Frank Jobe yọ iṣan láti apá ọ̀tún Tommy John, ó lu ihò sára egungun ìgbọ̀nwọ́ òsì tí ọkùnrin náà fi ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì fi iṣan náà hun ún padà. John padà sórí pápá ní 1976, ó sì ṣeré títí di 1989. Títí dòní, oṣù 12 sí 18 ni ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún ń lò kó tó padà sí eré.

Kí ló ń já a? Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó ni. Ọmọ tó ń ju 98 máìlì ní wákàtí kan ni wọ́n ń pariwo, 98 yẹn náà ló sì ń fa iṣan rẹ̀ ya. Ohun tó bí ariwo náà ló ń pa á.

Ẹ wo ajubọ́ọ̀lù Stephen Strasburg. Washington Nationals mú un ní ipò kìíní ní 2009, 15.1 mílíọ̀nù dọ́là. Ní June 8, 2010, eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ó rán alubọ́ọ̀lù Pittsburgh 14 padà lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ẹnì kankan tó rin ọ̀fẹ́ dé béèsì kìíní nítorí ìjùkujù rẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní World Series, àṣekágbá líìgì àgbà, ti 2019. Wọ́n wá fún un ní àdéhùn ọdún méje, 245 mílíọ̀nù dọ́là. Eré mẹ́jọ péré ló tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Ní 2009 yẹn kan náà, alubọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ tó yàn ṣáájú fò kọjá títí ó fi di ipò 25: Mike Trout. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní líìgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣòro alubọ́ọ̀lù nìyẹn: ojú tó ń wò ó ló ń ṣìnà. Ajubọ́ọ̀lù, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó sí i lára, ẹ ti rí i. Alubọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí ẹ kò tíì rí kó bá pàdé lẹ̀ ń dá lé.

Bọ́ọ̀lù tó ń sáré 95 máìlì ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé. Ọmọ náà ti gbọ́dọ̀ pinnu kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ní líìgì kékeré, ajubọ́ọ̀lù tó bá há, tí ìjùkujù rẹ̀ ti pọ̀, máa ń ju èyí tó ń sáré lọ tààrà. Ní líìgì àgbà, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń ju èyí tó ń yẹ̀. Jackson Holliday, ẹni kìíní ti 2022, dé ẹgbẹ́ Baltimore ní líìgì àgbà ní April 2024: nínú ìgbà 34 tó gbé igi, 2 péré ló bọ́ sí i. Wọ́n dá a padà sísàlẹ̀.

*Ibí ni arákùnrin kan ti nawọ́:* “Ọ̀gá, ajubọ́ọ̀lù Paul Skenes ńkọ́? Káàdì aláwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré ń kó jọ, tà ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní 2025. Ṣé ẹni tó rà á ṣìnà ni?”

Ìbéèrè yìí dára ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sílẹ̀. Ní 2023, Skenes àti Dylan Crews jọ wà ní LSU, ìyẹn Louisiana State University. Ipò kìíní àti ìkejì ni wọ́n mú, 9.2 mílíọ̀nù àti 9 mílíọ̀nù dọ́là. Ajubọ́ọ̀lù kan, alubọ́ọ̀lù kan, ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Skenes dé Pittsburgh ní May 2024, ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù lọ lọ́dún náà, ó gba Cy Young, àmì ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ní 2025. Ní 2025 yẹn, Crews ṣì ń wá ẹsẹ̀ ní Washington; .208 ni ìpín rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 21 nínú 100 ló bọ́ sí i. Ṣé ẹ rí i? Kíá ni ariwo ajubọ́ọ̀lù ń fìdí múlẹ̀, ti alubọ́ọ̀lù ń pẹ́. Ẹni tó ra káàdì Skenes ra ohun tó ti rí, ṣùgbọ́n ó ra ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ọn. Àǹfààní kan wà fún Skenes: ilé ẹ̀kọ́ Air Force, ti ọmọ ogun òfuurufú, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe kátíṣà níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn alubọ́ọ̀lù, ó sì ń lu bọ́ọ̀lù pẹ̀lú, kì í ṣe jíjù nìkan láti kékeré. Títí dòní, kò tíì sí ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n mú ní ipò kìíní rí. Àwọn ẹgbẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ń to orúkọ 100 kò fẹ́ gbọ́.

Alága ní àkókò ti tán. Kíákíá: fún alubọ́ọ̀lù, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ sí ti àwọn tó ń bá ṣeré ní Double-A, ìpele kan ní líìgì kékeré, ẹ sì wo iye ìgbà tó ń lu bọ́ọ̀lù tí kò yẹ ní lílù. Fún ajubọ́ọ̀lù, ẹ béèrè oríṣi bọ́ọ̀lù kẹta tó ní, torí méjì kì í tó nígbà tí àwọn alubọ́ọ̀lù bá rí i lẹ́ẹ̀kẹta nínú eré kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè àwòrán ìgbọ̀nwọ́. Houston béèrè ní 2014. Wọ́n mú Brady Aiken ní ipò kìíní, àyẹ̀wò kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dín owó rẹ̀ kù, ó sì kọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣan náà já; kò dé líìgì àgbà. Ipò kejì tí wọ́n fi san án fún Houston ní 2015, alubọ́ọ̀lù ni wọ́n fi mú: Alex Bregman.