Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Fọ Ìbọn Ọdẹ?

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi! Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ló yẹ ká máa fọ ìbọn?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, ọwọ́ ni mo sì fẹ́ fi dáhùn rẹ̀. Ìbọn méjì ló wà níwájú mi. Ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi nìyí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́nu méjì, dọ́bù-bárẹ̀lì, tó ń jẹ kátíríìjì. Mo yin àwọn méjèèjì lóko láàárọ̀ yìí, ìwé àṣẹ wọn sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má ka oṣù rárá. Iye ìgbà tí ìbọn dún, òjò tó pa á, àti òógùn ọwọ́ tó kàn án ni kí ẹ máa kà. Ṣakabùlà tó bá dún lẹ́ẹ̀kan péré lónìí, lónìí náà la ó fọ̀ ọ́, kí a tó jẹun alẹ́. Ní ìlú wa, ó dùn mí púpọ̀ pé bí ọdún Ògún bá ku ọ̀la ni àwọn kan tó rántí fọ ìbọn. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ kedere, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Irin kò lè dúró de ọdún.

Kí omi tó kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú ìbọn. Ti dọ́bù rọrùn: mo ṣẹ́ ẹ láàárín báyìí, mo yọ kátíríìjì, mo gbé ihò méjèèjì sókè, mo sì rí ojú ọ̀run ní òdìkejì. Ṣakabùlà kò ṣeé wò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá ìkìbọn mi yìí. Mo ti fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára. Bí inú ìbọn bá ṣófo, àmì yìí máa ń bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí àmì bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, a jẹ́ pé ẹ̀tù wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá bá a bẹ́ẹ̀, kó yọ kápù orí rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, kó kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò sí èèyàn, kó má ṣe gbé e sún mọ́ iná, kó sì ké sí àgbà ọdẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹni tí kò tíì fá àmì sí ọ̀pá ìkìbọn rẹ̀, kó dá fídíò yìí dúró ná, kó lọ fá a.

Ó dáa. Inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ gbé omi gbígbóná wá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á pariwo: "Omi kẹ̀, nínú irin?" Bẹ́ẹ̀ ni, omi. Ẹ̀tù dúdú kì í jó tán. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí kì í di èéfín. Eérú líle ló ń dà, á wá lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Eérú yẹn dà bí iyọ̀. Ẹ rántí bí iyọ̀ ṣe máa ń rin nínú ìgò lásìkò òjò, bí ẹ tilẹ̀ dé e? Ohun tí eérú ẹ̀tù ń ṣe nínú ìbọn yín lóru nìyẹn. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún láti inú, níbi tí ojú kò tó. Epo kò lè tú iyọ̀. Omi ló ń tú u. Bí ẹ bá da epo lé e lórí, ńṣe lẹ bo ọ̀tá mọ́lé.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n kó lọ sógun Bọ́mà mọ èyí dáadáa. Lóòótọ́, ẹ̀tù inú ọta Lee-Enfield, ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà, kì í ṣe dúdú, ṣùgbọ́n kápù ọta ìgbà náà ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn. Àrọ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń da omi híhó sínú rẹ̀, kí wọ́n tó fi okùn fa aṣọ kọjá nínú rẹ̀. Inú ìdí ìbọn náà gan-an ni okùn yẹn àti ìgò epo kékeré ń gbé.

Ó yá, ẹ wò mí. Mo ti tú ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ìbọn sílẹ̀ kí omi má bàa wọ inú igi. Mo yọ ibi tí kápù ń jókòó lé, mo sọ ọ́ sínú abọ́ omi. Mo fi akísà di ọ̀pá ìbọn mú, nítorí ó máa gbóná. Mo ha ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú omi àkọ́kọ́, mo rọ ọ́ láti ẹnu ìbọn. Ẹ rí i bó ṣe ń dúdú jáde nísàlẹ̀? Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ̀tù ló ń rùn. Mo wé aṣọ mọ́ orí ọ̀pá ìkìbọn, mo ń fà á sókè sódò. Omi kejì. Ìkẹta, omi lásán, kò sí ọṣẹ. Ìgbà tí omi bá mọ́ jáde la ó ṣíwọ́, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ wá. Kẹ́tù yìí kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́ láéláé.

Ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi ń gún un. Ẹ má ki wáyà líle bọ̀ ọ́. Yóò fẹ ihò náà.

Nítorí omi gbóná, irin fúnra rẹ̀ ń gbẹ. Síbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Aṣọ gbígbẹ, òmíràn, òmíràn, títí tí aṣọ á fi jáde láìrin. Bí ẹ bá lọ gba fóònù níbí, pípọ́n ni ẹ máa bá a.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ epo, torí ibẹ̀ ni a ti ń ba ìbọn jẹ́ jù. Òrí ni mo ń fi pa inú ṣakabùlà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Epo ọkọ̀ bá eérú ẹ̀tù pàdé, wọ́n á dì bí ọ̀dà. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kò ṣe é lò. Wọ́n ń lẹ̀ bó bá pẹ́. Kẹrosíìnì ń fọ nǹkan, ṣùgbọ́n kì í dáàbò bo irin. Fún ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ìbọn, ẹ̀kán epo másíìnì ìránṣọ méjì ti tó. Bí ìka yín bá ń yọ̀ lára irin, ó ti pọ̀jù. Àpọ̀jù epo ń ṣàn wọ inú igi, igi á rọ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa ha irin. Èyí tó burú jù ni pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ẹ̀tù ń gbé, ìbọn kò ní dún lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa aṣọ gbígbẹ kan kọjá nínú rẹ̀ kí a tó tún ki ìbọn.

Dọ́bù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù kátíríìjì òde òní kì í fi iyọ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò nílò omi. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ, aṣọ, epo díẹ̀ nínú ihò méjèèjì, gíríìsì tín-ń-tín níbi tó ti ń ṣẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yìn ín, àti nígbàkígbà tí òjò bá pa á, kódà bí kò dún. Ẹ nu gbogbo ibi tí ọwọ́ kàn. Iyọ̀ wà nínú òógùn. Inú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ má tú u. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn ni kó tú u.

Ìbọn tí ẹ kò lò ńkọ́? Lásìkò òjò, ẹ wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọkùnrin kan lábúlé wa fi ìbọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún oṣù méjì. Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti kọ́lé sẹ́nu rẹ̀, kò wò ó, ó yìn ín. Ọ̀pá ìbọn ya, ìka méjì ló bá a lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì lè gbàgbé igbe rẹ̀.

Bí ẹ bá parí, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó bu òkèlè. Òjé wà lára ìdọ̀tí ìbọn, májèlé sì ni. Ẹ dojú ìbọn kọlẹ̀ síbi tí ẹ ń fi pa mọ́, kí epo má bàa ṣàn sínú igi. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ tún fa aṣọ funfun kan kọjá. Bó bá pọ́n díẹ̀, ó ku ìdọ̀tí nínú rẹ̀: ẹ gbé omi kaná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá funfun, ẹ tún òrí pa, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò.