Ọmọ Tó Wà Lójú Fèrèsé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré la fẹ́ wò nínú sinimá kan lónìí: Citizen Kane, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1941. Orson Welles tó darí rẹ̀ náà ló ṣe Kane, olú ẹ̀dá ìtàn. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tí wọ́n ń yà á.

Ìta la ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan, ìyẹn Kane nígbà tó ṣì kéré, ń ṣeré nínú yìnyín. Kámẹ́rà fà sẹ́yìn, àṣé inú ilé ló wà tó ti ń wò ó. Ìyá ọmọ náà wà lójú fèrèsé. Ó yíjú padà, ó rìn lọ síbi tábìlì, kámẹ́rà ń fà sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Ó jókòó. Ọkùnrin báńkì kan jókòó tì í. Ìwé tó wà níwájú wọn ni ìyá fẹ́ tọwọ́ bọ̀, kí ọkùnrin yìí lè mú ọmọ lọ, kó lọ máa tọ́ ọ níbòmíì. Bàbá dúró lápá òsì, ó ń jà, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ wá wo àárín àwòrán náà dáadáa. Ẹ rí fèrèsé yẹn? Ọmọ ọ̀hún ṣì wà níta, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ń sáré, ó ń pariwo pé kí ìṣọ̀kan wà títí láé, torí eré ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ìwé tó máa tú ilé wọn ká ló wà lórí tábìlì.

Àwọn tó wà nídìí ìwé ló tóbi jù lójú wa. Bàbá kéré sí wọn. Ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an ló wá kéré jù. A ò tíì gbọ́ ẹjọ́ tán tójú wa fi mọ ibi tágbára wà.

Gregg Toland ló ya àwòrán náà. Lẹ́ńsì tó ń gba àyè púpọ̀ ló lò, ó fún ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì tan iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè hàn kedere pọ̀. Welles mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ojú kan náà lórúkọ àwọn méjèèjì jọ hàn nígbà tí sinimá parí. Ká ní ẹ̀yìn ṣe bàìbàì ni, à bá ti gbàgbé ọmọ náà. Àmọ́ níbí, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú wa ń padà lọ síbi fèrèsé ṣáá. Kò sẹ́ni tó ní ká lọ wo ibẹ̀.

Bàbá pa fèrèsé dé. Ìyá dìde, ó tún un ṣí. Ìgbà yìí ni kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta, tó dojú kọ ọ́, tó sún mọ́ ọn. Ó ní òun ti di ẹrù ọmọ náà láti ọ̀sẹ̀ kan. Kò sunkún. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, wọ́n sì ti fi ojú yìí pa mọ́ dìgbà tó yẹ ká rí i.

Nígbà tí ọmọ yìí dàgbà, tó di olówó, tó wá fìdí rẹmi nínú ìbò, ṣe ni wọ́n fọ́ ilẹ̀ yàrá kí kámẹ́rà lè rẹlẹ̀ débi tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà rí mọ bí èèyàn ṣe ń tóbi tó téèyàn bá ń wò ó látilẹ̀. Ṣùgbọ́n Welles jẹ́ kí àjà ilé hàn lókè orí rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe àjà yẹn, kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ agbóhùn pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà ga bí òkè, síbẹ̀ àjà fẹ́ẹ̀ kàn án lórí. Èmi kì í wò ó kí àánú rẹ̀ má ṣe mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú yìnyín. Inú bí ọmọ náà, ó fi pákó tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín kọ lu ọkùnrin báńkì. Lẹ́yìn ìyẹn, pákó nìkan la tún rí. Yìnyín ń bò ó mọ́lẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ń dún lókèèrè. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọmọ náà ti lọ.